Bí Kínéèsì Ṣe Ń Mọ Ojú Tí Yóò Kọ Ilà Sí

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó fa ohun tí mò ń kọ yìí. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ń bá a fínra, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá a lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ó ti ń gba oògùn tí wọ́n ń pè ní imatinib. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí iwájú ilé, ó ní kí n ṣàlàyé kínéèsì tí àwọn dókítà ń dárúkọ fún òun. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi í wé olóòlà."

Olóòlà ni baba tí ó bí wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà yé e kíákíá. Kínéèsì máa ń gba fọ́sífétì kan lára ATP, èròjà tí ń gbé agbára kiri nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì fi í sára purotéènì mìíràn gẹ́gẹ́ bí àmì, kí purotéènì náà lè dìde ṣiṣẹ́, tàbí kí ó sinmi, tàbí kí ó ṣí lọ sí ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ilà ojú kì í parẹ́, ṣùgbọ́n àmì yìí ń parẹ́, nítorí pé àwọn ẹ́nsáìmù mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti yọ ọ́ kúrò. Nítorí àwárí yìí ni Edmond Fischer àti Edwin Krebs fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992.

Bàbá wá bi mí pé, "Báwo ni ó ṣe ń mọ ẹni tí yóò kọ ilà fún? Baba wa kì í mú abẹ láì kọ́kọ́ béèrè ìdílé ọmọ."

Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára, nítorí pé òun gan-an ni àwọn onímọ̀ ń lé. Kínéèsì tí ó wà lára ènìyàn lé ní 500. Serine, threonine àti tyrosine, tí wọ́n wà lára àwọn amínò ásíìdì tí a fi to purotéènì, ni wọ́n ń fi àmì sí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro láti rí purotéènì tí kò ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kínéèsì tí ó bá ń wo tyrosine nìkan kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn àwọn amínò ásíìdì tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ń wò. Kínéèsì Akt, tí jẹjẹrẹ púpọ̀ máa ń lò, ń wá arginine ní ipò kẹta àti ìkarùn-ún ṣáájú ibi tí yóò fi àmì sí. ERK ń fẹ́ kí proline tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Abl, tí ó jẹ́ ti àìsàn bàbá, fẹ́ràn kí isoleucine ṣáájú tyrosine, kí proline sì wà ní ipò kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ tẹ irú ìfẹ́ yìí jáde fún kínéèsì 303 tí wọ́n ń fi àmì sí serine àti threonine.

Síbẹ̀, aládùúgbò nìkan kò tó. Kínéèsì àti purotéènì tún máa ń di ara wọn mú ní ibi tí ó jìnnà sí ibi àmì. Purotéènì kan tí ń jẹ́ CrkL ní apá tí ń jẹ́ SH3, tí ó fi ń di Abl mú kí Abl tó fi àmì sí i. Agbolé tí àwọn méjèèjì wà nínú sẹ́ẹ̀lì tún ṣe pàtàkì, nítorí pé olóòlà kò lè kọ ilà fún ọmọ tí kò bá pàdé.

Nínú àìsàn bàbá, krómósómù 9 àti 22 ti gé ara wọn fún ara wọn, èyí tí ó bí purotéènì àdàlù tí ń jẹ́ BCR-ABL. Ojú tí Abl fi ń mọ ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò sinmi mọ́, kò sì wọ núkílíọ́ọ̀sì, àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ti RET, kínéèsì mìíràn, yàtọ̀. Nínú irú jẹjẹrẹ tairọ́ìdì kan tí a ń jogún, amínò ásíìdì kan ṣoṣo, èyí tí ó wà ní ipò 918, ni ó yí padà, ojú kínéèsì náà sì ṣí sí àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí ni ó máa ń bà mí lẹ́rù jù.

Bàbá ní, "Oògùn mi ńkọ́? Ṣé ojú ni ó bò ó ni, àbí abẹ ni ó gbà?" Mo ní abẹ ni. Imatinib jókòó sí ibi tí ó yẹ kí ATP jókòó sí. Ṣùgbọ́n abẹ olóòlà gbogbo jọra, nítorí náà ni ó fi ń dí kínéèsì mìíràn tí ń jẹ́ KIT náà lọ́wọ́, èyí tí ó ti wá di ìwòsàn fún àwọn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ikùn tí KIT fà. Lójú tèmi, ojú ni ó yẹ kí a túbọ̀ máa lé, nítorí pé òun ni ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ kínéèsì kan sí èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ tẹ́jú, tí oògùn kékeré kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé nínú ilé ìwádìí, àmì ara CrkL ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́: bí ó bá ń ṣiṣẹ́, àmì náà á máa parẹ́. Bàbá fọwọ́ kan àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n tún orúkọ purotéènì náà pè.