Ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ni ẹ ní kí n kọ

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìparí oṣù yìí ni màá fẹ̀yìn tì. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó. Ẹ ní kí n kọ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín, lórí bí Kristẹni ṣe lè máa ṣiṣẹ́ oṣù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má sì sọnù síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ìkíní: ẹ máa tètè dé. Ẹni tó ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú, tó wá ń sùn lórí tábìlì lọ́sàn-án, owó oníowó ló ń jẹ.

Èkejì: ẹ má torí pé ẹnì kan jẹ́ arákùnrin nínú Olúwa gba iṣẹ́ játijàti lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì torí ẹ̀ ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ san owó alágbàṣe lọ́jọ́ tí ẹ dá. Jákọ́bù 5:4 ní owó ọ̀yà tí a bá dì mọ́wọ́ a máa ké. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn nínú ìwàásù tó.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi àdúrà rọ́pò ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ sọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wá bá mi pé ọ̀gá òun ní kí òun yí ọjọ́ tó wà lórí ìwé kan padà, pé òun ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Ààwẹ̀ kí ni, ọmọ mi? Ọlọ́run ti sọ tirẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Ìwọ ló kù tó ò tíì sọ tìẹ. Mo mọ̀ pé mo jágbe mọ́ ọn, kó má bínú. Ara mi ni mo rí.

Ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Èmi ni mò ń darí àdúrà àárọ̀ ní ọ́fíìsì wa nígbà náà, "Pásítọ̀" ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá ṣí ìwé owó tuntun, orúkọ Jésù ni mo máa ń kọ sókè ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá kà á pé èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Luca Pacioli, ará Ítálì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tí Francis Mímọ́ dá sílẹ̀, tẹ ìwé ìṣirò kan jáde ní Venice lọ́dún 1494. Ibẹ̀ ló ti gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ ìwé owó wọn. Ibẹ̀ náà ló ti bá àwọn kan wí tí wọ́n ń ní ìwé méjì, ọ̀kan fún ojú ẹni tó ń rà, èkejì fún ojú ẹni tó ń tà. Èrò tèmi ni pé orúkọ Ọlọ́run á wà lórí méjèèjì.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọjà kan jáde ní stóò lọ́jọ́ 4 oṣù Kìíní. Ọ̀gá wa, alàgbà ni nínú ìjọ tirẹ̀, ní kí n kọ ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá sórí ínfọ́ìsì rẹ̀, ìyẹn ìwé owó ọjà tí a ń kọ fún ẹni tó rà á, kí iye tí a tà lọ́dún tó lọ lè pé ohun tí wọ́n bù fún wa. Tó bá pé, gbogbo wa á gba owó ìdùnnú ìparí ọdún. Ó ní, "Ọjọ́ márùn-ún péré. Ta ló pa lára?" Mo lọ ti ara mi mọ́ yàrá fáìlì, mo gbàdúrà, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, mo jáde, mo kọ ọ́. Mo ti wá mọ irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn dáadáa. Ti ẹni tó ti pinnu kó tó kúnlẹ̀ ni.

Ẹni tí a ò rántí ni ọkùnrin tó ń tọ́jú stóò. Kì í wá síbi àdúrà àárọ̀, sìgá ló máa ń lọ fà lẹ́yìnkùlé lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní rẹ́jísítà kan tó fi òwú so bírò mọ́, ohunkóhun tó bá jáde, ọjọ́ tó jáde gan-an ló máa kọ. Àwọn ọ́dítọ̀, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò, dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa ń mú ínfọ́ìsì bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìparí ọdún àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fi wé ìwé stóò. Tiwa ò bára mu.

Wọ́n pe àwa mẹ́ta. Ọ̀gá ní ọkùnrin náà ló ṣi ọjọ́ kọ, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọkùnrin náà ò dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ mi ló yíjú sí. Ó fi ìka lé ìlà yẹn nínú rẹ́jísítà, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ wá gba ìwé ọjà yìí lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ wo ni?"

Mo ní mi ò rántí.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lé e. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, mo ní kí Olúwa ṣí ọ̀nà mìíràn fún un. Wọ́n ṣe àmín kíkan. Nínú gbogbo rẹ̀, àdúrà yẹn ló ń tì mí lójú jù.

Ẹ̀kọ́ méje tó kù, ẹ má retí wọn mọ́. Ẹ lọ ka Léfítíkù 5:1: ẹlẹ́rìí tó rí i tàbí tó mọ̀ ọ́n, tí kò sọ, yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọn ò ní ó purọ́ o, ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ ka Dáníẹ́lì 6 náà. Ihò kìnnìún la máa ń wàásù lé, a kì í dúró lórí ẹsẹ 4. Iṣẹ́ ìjọba tó wà lọ́wọ́ Dáníẹ́lì ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ kọ́kọ́ tú wò. Ìgbà tí wọn ò rí àbùkù níbẹ̀ ni wọ́n tó lọ dẹ àdúrà rẹ̀. Ká ní èmi ni, wọn ò bá má dé ìdí àdúrà rárá.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí n tó wá ọkùnrin náà lọ. Ìjọ mi fẹ́ fi mí jẹ díákónì, Mátíù 5:23-24, níbi tí Jésù ti ní kí èèyàn kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà kó tó mú ọrẹ wá, ò wá jẹ́ kí n sùn mọ́. Mo mú owó dání. Kò wo owó ọ̀hún. Ó ní, "Ìwé tí wọ́n fi sínú fáìlì mi pé òpùrọ́ ni mí ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mo ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo forúkọ mi sí i, wọ́n sì kọ ìwé mìíràn fún ọkùnrin náà. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì tayọ̀tayọ̀. Àga iwájú ni wọ́n ṣì ń fún un ní ìjọ rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Mi ò lè sọ pé mo ti dárí jì í tán. Ó yẹ kí n pa gbólóhùn yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mo kó owó ìdùnnú ọdún yẹn padà fún iléeṣẹ́ náà, mo fi ìdámárùn-ún lé e, bó ṣe wà nínú Léfítíkù 6:5. Ọmọdé kan ló wà níbi tí wọ́n ti ń gba owó. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí ìwé, ó gbé bírò dúró lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni kí n kọ sí i? Ti ìgbà yẹn àbí tòní?"

Mo ní kó kọ tòní.