Orúkọ Mẹ́ta, Ẹ̀rọ Kan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ ohun tó kó ìtìjú bá mi. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì sílẹ̀. Mo kọ AS/400 kan, iSeries kan, System i kan, bíi pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀gá wa wo ìwé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú mi dé iwájú àpótí dúdú kan ṣoṣo. "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé."

Ẹnu ènìyàn ni mo ti gbọ́ orúkọ, mi ò bi ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà ní orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, àmọ́ ẹ̀rọ yìí ò kúrò nílé rí. Iléeṣẹ́ IBM gbé AS/400 jáde ní 1988. Ní 2000 ó di iSeries, ní 2004 ó di i5, ní 2006 ó di System i. Ní 2008 wọ́n kó o mọ́ ìdílé kọ̀ǹpútà wọn tó ń jẹ́ Power Systems, orúkọ wá kù sára ètò tó ń darí rẹ̀: OS/400 tó ti di i5/OS di IBM i. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Ẹ lọ wá "i" lórí Google kí ẹ rí ohun tí ojú ń rí. Báyìí, bí ẹnìkan bá ṣe pe ẹ̀rọ náà ni mo fi ń mọ ìgbà tó kọ́ṣẹ́.

Inú rẹ̀ kò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. WRKACTJOB, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ tó ń lọ lórí ẹ̀rọ hàn, tí àwọn ọ̀gá wa ń tẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ lónìí. Kódà lẹ́yìn ẹ̀dà V5R4 ti ètò náà, wọ́n ní 6.1 ló kàn, síbẹ̀ V6R1M0 lẹ ó rí lójú ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ẹ tẹ DSPSYSVAL QSRLNBR, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ á jáde. Òun ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ tó kọ orúkọ kankan. Ẹ tẹ GO LICPGM, kí ẹ mú 10, ẹ ó rí nọ́ńbà ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà: 5722SS1 jẹ́ ti ẹ̀dà V5, 5761SS1 jẹ́ ti 6.1, 5770SS1 bẹ̀rẹ̀ láti 7.1.

Orúkọ àtijọ́ náà ní ìwúlò o. Nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ kejì, IBM i nìkan ni mo kọ sínú CV. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé AS/400 ni ẹni tó ń ṣa ìwé ń wá, ó sì ti tẹ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo orúkọ rẹ̀ pátá ni mo ń kọ síbẹ̀ báyìí.