Orúkọ wo la máa fún eré tuntun yìí?

Máàpù ti wà nílẹ̀, dáìsì ti wà nílẹ̀, orúkọ nìkan ló kù fún eré Dungeons & Dragons (eré orí tábìlì tí ẹnì kan ti ń sọ ìtàn, táwọn yòókù sì ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn náà) témi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o. Ẹnì kan ní ká pè é ní “Ogun Ọba Òkùnkùn”, mo ní rárá, ṣé ká ti tú àṣírí ọ̀tá síta kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni? Òmíì ní “Ìlú Tó Rì”, ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ìlú kan wà lábẹ́ ọ̀sà nínú ìtàn tí mo kọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi ò sì gbọdọ̀ mọ̀ títí wọ́n á fi dé level 5, ìyẹn ìpele karùn-ún nínú eré náà (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn). “Àwọn Onígbèsè Ọba” lèmi fẹ́ràn jù, torí gbèsè ló lé gbogbo ẹ̀dá tí wọ́n máa ṣe nínú eré náà kúrò nílé, ó tún pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun la máa lò ní Sátidé.