Bí mo ṣe ń fi orin kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Faransé, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí fún ẹ̀yin tíṣà Faransé ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kíláàsì. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Faransé n'Íbàdàn, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 tó jẹ́ pé "bonjour" nìkan ni wọ́n gbé wá látilé, àwọn míì ò tiẹ̀ mọ ìyẹn. Orin ni mo fi ń kọ́ wọn. Kì í ṣe pé ká fi najú nígbà tíṣẹ́ bá parí o, iṣẹ́ gan-an ni. Àmọ́ odidi ọdún méjì ni mo fi ṣe é lódìlódì kí n tó rí ibi tó ti ń jò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí. Mo mú orin kan, mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ látòkè délẹ̀, mo ṣe fótókọ́pì fún ọmọ 46, owó àpò mi ni. Mo pín in, mo tan orin, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ríọ̀dù méjì ló bá a lọ. Nígbà tí mo fi máa dé ẹsẹ kejì, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń sùn, àwọn tó wà níwájú ń fi báírò ya nǹkan sórí pépà mi. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ní kí wọ́n máa kọ orin náà tẹ̀ lé mi, bí wọ́n ṣe rí i nínú pépà ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì. "Dansent" di "dánsẹ́ǹtì". "Temps" di "témpìsì". Orin ń lọ nínú sípíkà, ó ń pè é dáadáa sí wọn létí, wọn ò gbọ́ ọ. Ojú ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ etí.

Àwa Yorùbá, ohun tá a bá kọ sílẹ̀ la máa ń pè. Faransé ò rí bẹ́ẹ̀, ìdajì lẹ́tà tó bá kọ, kò ní pè é. Ọmọ tó bá ti kọ́kọ́ fojú rí i, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá jìjàkadì kẹ́ ẹ tó mú "témpìsì" kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tó wá là mí lójú ni bí èmi fúnra mi ṣe kọ́ ọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "Premier Gaou" ti Magic System lóde ìnáwó, orin ọdún 1999 láti Côte d'Ivoire, a máa ń jó o, a máa ń pariwo ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà tí mo wá dé French Village, ilé ẹ̀kọ́ èdè Faransé ní Àjàrá, Badagry, tí olùkọ́ wa kọ "premier, deuxième" (àkọ́kọ́, ìkejì) sí bọ́ọ̀dù, ńṣe ni ẹnu mi kàn pè é, kedere, kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé létí mi láti ọdún yìí wá, ìtumọ̀ ẹ̀ nìkan ló kù. Mo wá bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò ṣe báyìí fáwọn ọmọ?

Torí náà ìkẹyìn ni pépà báyìí. Orin tí mo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni "Alors on danse" (ìyẹn "torí náà à ń jó") ti Stromae, ọmọ Belgium tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Rwanda, orin 2009 ni, ó ti pẹ́ díẹ̀ àmọ́ àwọn ọmọ ṣì máa ń fẹ́ràn ìlù ẹ̀. Mi ò kí ń lo gbogbo ẹ̀. Ègbè yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń pààrà, ó tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti máa ń dáúnlóòdù ẹ̀ sórí fóònù láti alẹ́, torí nẹ́tíwọ̀kì ilé ìwé ò ṣeé gbára lé, mo á sì cháàjì sípíkà sílẹ̀ nílé nítorí NEPA. Ẹ kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́yìn kíláàsì, níbi àga tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó dún débẹ̀, torí ọmọ tí ò bá gbọ́ dáadáa, ariwo ló máa pa.

Mo á tan ègbè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, bọ́ọ̀dù ṣófo, ìwé wà nínú báàgì. Mo á ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ níbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń padà wá." Lẹ́yìn náà mo á bi wọ́n pé kí lẹ gbọ́? Ohun tí wọ́n bá pè ni mo á kọ sí bọ́ọ̀dù, lọ́nà tí Yorùbá ń gbà kọ ọ́: "alọ̀ọ́ ọn dọ̀ọ́nsì". Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín torí wọ́n rí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lójú bọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni mo á wá fi ṣọ́ọ̀kì àwọ̀ míì kọ Faransé ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ojú wọn á wá máa wá ìró tí etí wọn ti mọ̀ láàrín àwọn lẹ́tà, fúnra wọn ni wọ́n á rí i pé "s" ìparí "alors" ò dún.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀ yẹn o. Wọ́n gbọ́ "on" bí "ọn", ìyẹn dáa, ó ṣe wẹ́kú. Àmọ́ "danse" náà, "ọn" kan náà ni wọ́n gbọ́. Kì í ṣe pé wọn ò fetí sílẹ̀. Nínú Yorùbá, "ọn" inú "ìbọn" àti "an" inú "ìtàn", ìró kan náà ni, bá a ṣe ń kọ ọ́ ló yàtọ̀. Faransé ya méjèèjì sọ́tọ̀, "bon" (dáa) yàtọ̀ sí "banc" (bẹ́ǹṣì), ẹni tó bá ṣì wọ́n pè ti sọ nǹkan míì nìyẹn. Orin yìí wá gbé méjèèjì síra wọn, "on" tán, "dan" ló kàn. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n ká ètè jọ fún "on", kí wọ́n wá jẹ́ kí àgbọ̀n já wálẹ̀ fún "dan". Ọmọ 46, ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, tí wọ́n ń kọrin! Bẹ́ ẹ bá rí i, inú yín á dùn.

Àwọn ìró míì wà tí Yorùbá ti bá wa ṣe sílẹ̀, ẹ má fi ṣòfò. "Ch" wọn, ṣ wa ni. "É" wọn dà bí e wa, "è" wọn dà bí ẹ wa. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan máa ń jìyà lórí ìyẹn, ọmọ tó lè pe "ewé" àti "ẹ̀wẹ̀" ti mọ̀ ọ́n tán. Ibi tó ti le ni "u" inú "tu". Ẹ ní kí wọ́n pe "i", kí ahọ́n má kúrò níbẹ̀, kí wọ́n wá ká ètè bí ẹni tó fẹ́ súfèé.

Tí ègbè bá ti wọlé, a máa ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Alors on mange (à ń jẹun). Alors on chante (à ń kọrin). Alors on parle (à ń sọ̀rọ̀). Mi ò tíì mẹ́nu kan gíráámà rárá, wọ́n sì ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ní "-er" nídìí. Ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Madame, kí ni wọ́n ń pe oorun sísùn?" Mo ní "dormir". Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló kọ ọ́: "Alors on dorme!" Ní ìgbà kan, mo ti máa jágbe mọ́ ọn. Àṣìṣe ni lóòótọ́, "on dort" ni, àmọ́ ẹ wò ó, ọmọ yẹn ti rí ìlànà "danser, danse" fúnra ẹ̀, ó sì fẹ́ lò ó fún ohun tí wọn ò kọ́ ọ. Mo yìn ín níṣojú gbogbo kíláàsì, mo wá sọ fún un pé "dormir" kì í ṣe ará ilé "danser", a máa lọ kí àwọn ẹbí tiẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀.

Wọ́n tún máa ń gbádùn ẹ̀ tí mo bá sọ fún wọn pé "Stromae", "maestro" tí wọ́n yí sódì ni, pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ Faransé máa ń yí ọ̀rọ̀ sódì báyẹn, wọ́n ń pè é ní verlan. Ọmọbìnrin kan ní ìyá àgbà òun máa ń sọ ẹnà. Ó wá sọ díẹ̀ fún wa. Ìdajì pẹ́ríọ̀dù ló gbà, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Ẹ kíyè sára pẹ̀lú orin tẹ́ ẹ bá mú o. "Premier Gaou" tí mo fẹ́ràn yẹn, Faransé ìgboro Abidjan ló wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn, kò burú, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ sì gbọ́ gbogbo orin dópin, kódà tó bá jẹ́ ègbè nìkan lẹ fẹ́ lò. Mo lo ègbè orin kan nígbà kan, ó mọ́ tónítóní, àṣé ẹsẹ kejì kún fún ìsọkúsọ. Àwọn ọmọ lọ wá a jáde nílé. Ìyá kan wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi, ọmọ mi ló ń kọ ọ́ ní kíṣìnnì." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, torí wọ́n jàre mi.

"Papaoutai" ti Stromae kan náà, 2013, ni mo fi ń kọ́ wọn ní ìbéèrè "où". Nínú ìdánwò, wọ́n ní kí wọ́n béèrè ibi tí ìyá wà. Ọmọ kan kọ "Maman outai?" Ó ti rò pé "outai" ni wọ́n ń pe "níbo lo wà". Mo jókòó ti ìwé yẹn pẹ́. Ẹ̀bi mi ni, mi ò fọ́ orúkọ orin yẹn sí wẹ́wẹ́ fún wọn: Papa, où t'es, "où" ni ibo, "t'es" ni "tu es" tí wọ́n gé kúrú. Mo fún un ní ìdajì máàkì, mo sì padà lọ kọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àárín ẹ̀kọ́ kejì yẹn ni mo rí i pé ọmọkùnrin kan ò kọrin. Ẹni tó máa ń pariwo jù ni. Ó dorí kodò títí aago fi lù. Tíṣà kíláàsì wọn ló sọ fún mi pé bàbá ẹ̀ ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ láti ọdún tó kọjá, wọn ò gbúròó ẹ̀. Bàbá Stromae alára, ogun ìpẹ̀yàrun Rwanda lọ́dún 1994 ló pa á, ohun tó wà nídìí orin yẹn nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń fi ṣe gíráámà láì ronú nípa ọmọ tó jókòó síwájú mi. Látìgbà yẹn, mo máa ń bi tíṣà kíláàsì kí n tó mú orin wọlé, mo sì máa ń jẹ́ káwọn ọmọ fi ẹni tó bá wù wọ́n rọ́pò "papa" láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin yẹn dúró lẹ́yìn táwọn yòókù ti lọ fún bíréèkì. Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó kọ síbẹ̀ pé "Maman, t'es la". Ó ní, "Madame, ṣé ó gún?" Mo ní ó kù díẹ̀, mo gba báírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi àmì sórí "a" ìkẹyìn yẹn, mo ṣàlàyé pé pẹ̀lú àmì ló fi ń jẹ́ "o wà níbí", kò yí ohùn padà, ìtumọ̀ ló yí padà. Ó wò ó. Ó ní, "Àmì ohùn tiwa ló dà yìí." Mo ní ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta sábẹ́ ẹ̀, àmì náà ò sì fò ó nínú ọ̀kankan, ó pa ìwé dé, ó sáré lọ ra búrẹ́dì.