Todmorden: Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Gbin Ẹ̀fọ́ Síwájú Àgọ́ Ọlọ́pàá

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Todmorden, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń tún ojú irin ṣe lọ́jọ́ náà. Láti Manchester Victoria, rélùwéè kì í ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀sì rọ́pò rélùwéè, gbogbo abúlé tó wà lójú ọ̀nà ni bọ́ọ̀sì náà máa yà, wọn ò sì ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó yín. Ẹ lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Ìlú kékeré láàárín òkè ni, ní West Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò ibẹ̀ ò ju bí 15,000 lọ. Ẹgbẹ́ Incredible Edible ló ń fa àlejò lọ síbẹ̀. Pam Warhurst, Mary Clear àti àwọn ará àdúgbò ló dá a sílẹ̀ ní 2008, láìsí ìwé ètò gbọọrọ, láìdúró de owó ìjọba. Ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń kọjá lára rẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò lò ni wọ́n wá, wọ́n gbin nǹkan jíjẹ sí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ni tó bá wù já a. Ẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè báyìí, ewé ọbẹ̀ ń retí yín. Ó wà níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, ó wà létí odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Ní ilé ìwòsàn, igi ẹlẹ́gùn-ún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igi eléso àti ewé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kódà wọ́n gbin nǹkan sí itẹ́ òkú, wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Èmi ò ní já tibẹ̀ o.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ebè wọ̀nyí ló ń bọ́ ìlú. Kò lè bọ́ ọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹni tó dúró já ewé á bá ẹni tó ń fa koríko sọ̀rọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun náà á mú ọkọ́ wá. Bí ẹgbẹ́ ṣe gbilẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ni ebè onípákó, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn yíká, tí wọ́n wá da ilẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè ga. Ajá ò ní rọ́nà tọ̀ sórí ẹ̀fọ́, ilẹ̀ ìlú tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí láyé àtijọ́ sì lè ní òjé nínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan tiyín, kí ìbú rẹ̀ má ju mítà 1.2 lọ, kọ́wọ́ lè dé àárín láti ọ̀tún àti òsì. Tó bá fara ti ògiri, sẹ̀ǹtímítà 60 ti tó. Jíjìn sẹ̀ǹtímítà 30 tó fún ewé. Èyí tó gùn ní mítà 2.4 máa gba nǹkan bí lítà 860, ìyẹn àpò ajílẹ̀ onílítà 50 mẹ́tàdínlógún. Ẹ ra 20, torí ó máa wọlẹ̀ tójò bá ti pa á. Páálí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀ kí koríko má yọ. Sikúrúù ni kẹ́ ẹ lò, pákó tó tutù máa ń lọ́, á sì fa ìṣó yọ. Pákó tí wọ́n ti fi tẹ́ ojú irin rí, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá: ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ò dáa fún nǹkan jíjẹ.

Àgbàdo ńkọ́? Ẹ má gbìn ín ní ìlà kan ṣoṣo nítorí kó lè rẹwà lójú títì. Atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ lọ sórí irùkẹ̀rẹ̀. Ìlà kan á fún yín lágbàdo tí hóró rẹ̀ ò kún. Ìlà mẹ́rin ni kó wà, kí ẹsẹ̀ àgbàdo mẹ́rin wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì tó gbé àpò ajílẹ̀ kankan, ẹ wá ẹ̀rọ omi ná. Ọgbà tí kò lómi nítòsí, oṣù Keje ló máa ń kú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bí mi nínú. Ẹgbẹ́ yìí ya máàpù tó ń fi ilé àwọn tó ń ta ẹyin adìyẹ ẹ̀yìnkùlé hàn, ẹni díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ní ilé oúnjẹ kan, pọ́n-ùn 9.50 ni búrẹ́dì àti ẹyin, ẹyin náà le bí òkúta, ọmọbìnrin tó gbé e wá ò sì mọ ibi tó ti wá. Inú mi yọ́ nígbà tí mo wọ ọjà alórùlé: wàrà líle àti búrẹ́dì ibẹ̀ dáa, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Ní 2010, Charles, tó jẹ́ ọmọ ọba nígbà náà, wá wò wọ́n. Ní 2012, Warhurst sọ̀rọ̀ ní TED, àpérò tí wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iná ọ̀rọ̀ náà ràn dé Faransé. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 100 ní Bìrìtéènì, ní 2023 sì ni kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) ìlú Hull ṣáájú gbogbo kánsù yòókù láti fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ ará ìlú láti dáko sórí ilẹ̀ kánsù tó wà lásán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bi mí ní ti tẹ̀tẹ̀: ó ń hù níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá gbìn ín lẹ́yìn tí òtútù oṣù Karùn-ún bá ti lọ. Ewédú ò ní gbọ́, àfi nínú ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí inú rẹ̀ lè móoru.