Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín rí ìparí ìjà

Nínú ilé tí bàbá àti ìyá ti máa ń jà ni mo dàgbà sí, ẹ̀bẹ̀ tí mo sì ní sí ẹ̀yin òbí kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹ bá jà lójú ọmọ, ẹ parí ẹ̀ lójú ọmọ.

Àwọn òbí mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti máa ń pariwo léra wọn lórí, inú yàrá ni wọ́n ti ń parí ẹ̀. Tó bá dàárọ̀, wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwa ò ní mọ̀ bóyá ó ti tán àbí ó kù. Ìgbà míì, wọ́n á yan ara wọn lódì, èmi ni wọ́n á sì máa rán síra wọn nínú ilé kan náà: "Lọ sọ fún bàbá ẹ." Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà tò kí n tó débẹ̀, kó lè rọ̀ díẹ̀ létí ẹni tí mò ń jẹ́ ẹ fún. Ìró ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ń mọ bí alẹ́ ṣe máa rí. Inú máa ń run mí láàárọ̀. Oògùn aràn ni wọ́n ń fún mi.

Ẹ má sì sọ pé ọmọ ti sùn. Lọ́dún 2013, Alice Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oregon, ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ ọwọ́, láti oṣù 6 sí 12, lójú oorun, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ìbínú. Ọpọlọ àwọn tí ìjà pọ̀ nílé wọn ló ta kìjí jù.

Ọmọ tó ti gbọ́njú a máa rò pé òun ló fà á, pàápàá tó bá jẹ́ owó iléèwé òun ni wọ́n ń jà lé lórí. E. Mark Cummings, tó ṣèwádìí púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, rí i pé ọkàn àwọn ọmọ máa ń balẹ̀ gan-an tí wọ́n bá rí i pé àwọn àgbà yanjú ohun tí wọ́n ń jà sí. Nítorí náà, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́: "A bínú síra wa lánàá, a ti yanjú ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Ẹ má rojọ́ fọ́mọ o, ẹ má sì ní kó dá ẹjọ́ yín.

Tí ọmọ tó ti jáwọ́ bá tún ń tọ̀ sílé, tàbí tí kò rí oorun sùn, ẹ mú un lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé fún dókítà náà.

Bó bá ti di pé wọ́n ń lù ọ́, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ à ń parí ìjà lójú ọmọ. Ibi tí ìwọ àtàwọn ọmọ ti lè fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro sùn ni kí o kọ́kọ́ wá.