Aládùúgbò ló ń ta ilé, ìwọ kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ejẹ́ǹtì l'Abuja, ọ̀kan nínú yín pè mí lálẹ́ àná, inú ń bí i, ó ní bàbá kan tó múlé ti ilé tóun fẹ́ tà ní Lugbe ń lé kọ́sítọ́mà òun. Mo ní ṣó o ti lọ kí bàbá náà? Ó ní kí lòun fẹ́ lọ kí i fún, ṣé òun ló nilé ni.

Ó dáa. Mi ò ní kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe search, ìyẹn yíyẹ ìwé ilẹ̀ wò, ní AGIS tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ consent, àṣẹ títa ilé tí Minister FCT ń fọwọ́ sí. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn kó lọ máa ta káàdì.

1. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lóòótọ́ máa padà wá láìsọ fún ẹ. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni, á páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù, á ra pure water, á wá máa bi wọ́n bóyá iná ń wà, bóyá àgbàrá ń wọlé tójò bá rọ̀, kí ló dé tí onílé fi fẹ́ ta ilé ẹ̀. Ẹni tó bá dá a lóhùn níbẹ̀ ló ta ilé yẹn, tàbí kó bà á jẹ́.

2. Ẹ má bi onílé pé ṣé òun àtaládùúgbò ń jà, torí á ní rárá. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kẹ́ ẹ bi í: fẹ́ǹsì, bóòhóòlù, ojú àgbàrá, soakaway. Ibẹ̀ nìjà máa ń fara pa mọ́ sí.

3. Owó dípọ́sìtì, ọwọ́ lọ́yà ni kó wà. Èyí gan-an ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe jẹ́.

Bọ́ǹgálò kan ni ní Kubwa, oníyàrá mẹ́ta, ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní. Onílé ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ti kó lọ sí Ilọrin. Mo bi í nípa bàbá tí wọ́n jọ pín fẹ́ǹsì, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó máa ń jókòó síwájú géètì tòun ti rédíò. Ó ní kí n má dá a lóhùn, ìlara ló ń dà á láàmú. Kò pẹ́ sígbà yẹn, a jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì: HOUSE NOT FOR SALE, BEWARE OF 419. Mo ní kí pẹ́ńtà pa á rẹ́. Ilẹ̀ tún mọ́, ó ti tún wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí tiẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ a rí ẹni tó fẹ́ rà á, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Saudi. Onílé ní àkáǹtì òun ni dípọ́sìtì gbọ́dọ̀ wọ̀ tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun máa gbé ilé fún ejẹ́ǹtì míì. Owó wọlé. Sunday tó tẹ̀ lé e, àbúrò nọ́ọ̀sì yìí lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, Bàbá bá wọlé lọ gbé ìwé exercise kan jáde. Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ bóòhóòlù ni wọ́n ti kọ ọ́, iye tí kálukú mú wá, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ọgbà onílé mi lomi ti jáde, wọ́n wá fẹnu kò pé páìpù máa gba abẹ́ fẹ́ǹsì lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Nígbà tí súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, jó, wọ́n jà lórí ta ló máa tún un ṣe, lonílé mi bá gé páìpù Bàbá, ó fi sìmẹ́ńtì dí i. Látìgbà yẹn ni Bàbá ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tomi ẹ̀ sì wà lẹ́yìn ògiri!

Ọmọ yẹn ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní káwọn gba owó àwọn. Onílé ti ná an, ó pa fóònù. Èmi ni wọ́n rí, èmi ni wọ́n kó lọ sí tésàn, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káúńtà títí ìyàwó mi fi wá. Mọ́tò tí mo fi ń gbé kọ́sítọ́mà kiri ni mo tà tí mo fi san owó olówó. Mi ò tíì dárí ji onílé yẹn, ẹ má sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà, ọ̀rọ̀ bóòhóòlù tó sọ, òótọ́ ni, àmọ́ 419 tó kọ sára ògiri, irọ́ ni, ẹ̀yìn mi ló sì lù.

Torí náà tí aládùúgbò bá lówó gba, ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé, kó fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á. Tó bá ní ọ̀rọ̀ wà ní kóòtù, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, kí lọ́yà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́ ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀ ná. Tó bá wá ń pariwo ilẹ̀ ẹbí, ibí kì í ṣe Ìbàdàn o: ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 297, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT. Ẹ fi search yín han ẹni tó fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ kọjá.

Wọ́n ti ta ilé Kubwa yẹn báyìí. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló tà á. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò tiẹ̀ wo ilé, omi tánkà kan ló rà tó ní kí wọ́n já sínú táǹkì Bàbá, ó wá jókòó tì í, ó ní ẹ sọ fún mi. Ó rí i dájú pé wọ́n so páìpù padà, lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn, Bàbá fúnra ẹ̀ ló sì wá ń mú àwọn tó fẹ́ rà á yí ọgbà ká, tó ń ní àdúgbò yìí tutù. Kọ́míṣọ́ọ̀nù ilé tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní tésàn, òun ló gbà á, kóbọ̀ kan ò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ó máa ka èyí. Nọ́ńbà àkáǹtì mi ò tíì yí padà.